Laurids Fẹ́ Yan Páì Rúbáàbù Fún Pẹ́ńtíkọ́sì

Ẹ̀bá Àbàtà, nítòsí Tønder
Ọjọ́ kejì oṣù kẹta, 1958

Asta ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Ejnar ọkọ rẹ, mo sì kí Maren ọmọ tuntun tí mi ò tíì fojú kàn. Ṣé ó ti ń rẹ́rìn-ín? Ara tèmi le. Eékún ọ̀tún ń han bí ilẹ̀kùn àtijọ́, àmọ́ ó ṣì ń gbé mi dé ibi tí mo bá ń lọ. Òtútù ọdún yìí kọjá sísọ. Omi orí pápá ti dì, àwọn pẹ́pẹ́yẹ ń fẹsẹ̀ rìn níbi tí wọ́n ti ń wẹ̀.

Bí lẹ́tà yìí bá rí wúruwùru, má bínú. Kirstine ìyá rẹ ló máa ń kọ lẹ́tà nílé yìí, èmi á kàn fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ bí ọ̀gá ọ́fíìsì. Láti oṣù kẹwàá tí a ti sin ín, èmi ni akọ̀wé, èmi náà ni ọ̀gá.

Ohun tó jẹ́ kí n mú gègé nìyí. Verner ẹ̀gbọ́n rẹ ti lọ fi orúkọ mi sílẹ̀ nílé àwọn arúgbó ní Tønder. Kò bi mí. Ó ní yàrá kan máa ṣófo níbẹ̀ nígbà ooru, wọ́n máa ń gbé oúnjẹ gbígbóná fún èèyàn lásìkò, ọkàn òun á sì balẹ̀ pé mi ò ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò láìsí ẹni tó máa gbé mi. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ gbé ibẹ̀ fúnra rẹ̀ kó wá sọ bó ṣe rí fún mi. Inú bí i. Gudrun ìyàwó rẹ̀ wá dá sí i. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ò lè se ẹyin, báwo lẹ ṣe fẹ́ dá gbé ilé?" Mo ní ẹyin kì í ṣe ilé. Ó ní òun mọ̀, àmọ́ ilé ni wọ́n ti ń sè é.

Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára. Mo wá sọ ohun kan tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. O mọ̀ pé lọ́dọọdún, lọ́jọ́ Ajé Pẹ́ńtíkọ́sì, ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo àdúgbò ti ń mu kọfí, nítorí páì tí ìyá rẹ máa ń fi rúbáàbù, ewébẹ̀ ọlọ́pàá kíkan inú ọgbà wa, yan. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ kí a tó bí ọ. Àwọn obìnrin ti ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ta ni nínú wọn tó máa bá mi yan án lọ́dún yìí. Mo sọ fún Verner pé èmi ni màá yan án. Obìnrin kankan kò ní fọwọ́ kàn án. Bí ó bá ṣeé gbé síwájú èèyàn, kí ó lọ yọ orúkọ mi kúrò ní Tønder. Bí kò bá ṣeé jẹ, èmi fúnra mi á di ẹrù mi, màá sì lọ láìsí ariwo. A bọ ara wa lọ́wọ́ lórí rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń bọ̀ mí lọ́wọ́, ìyẹn sì dùn mí ju ọ̀rọ̀ ilé arúgbó lọ.

Asta, ìyá rẹ kò kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kankan. Ọwọ́ rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ìwọ lo máa ń jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí wàá máa wò ó. Kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi bó ṣe máa ń ṣe é, má fo nǹkan kan. Ti bọ́tà nìkan ni kí o má yọ ara rẹ lẹ́nu sí. Ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe bọ́tà nílé iṣẹ́ wàrà, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ kọ́ ọ nípa bọ́tà.

O kò lè wá síbi ìsìnkú. Oyún wà nínú rẹ, mi ò bá ọ wí. Àmọ́ èyí tí mo ń tọrọ yìí kò gba ọkọ̀ ojú omi.

Bàbá rẹ,
Laurids


Alberta, Kánádà
Ogúnjọ́ oṣù kẹta, 1958

Bàbá mi,

Ẹ kú ìfaradà òtútù, ẹ sì kú àdáwà. Maren ti ń rẹ́rìn-ín, eyín kan ti ń yọ sí i lẹ́nu, kò sì jẹ́ ká sùn mọ́. Ejnar kí yín. Yìnyín ibí yìí ṣì ga dé ojú fèrèsé, okùn la fi ń mọ ọ̀nà dé ilé màlúù.

Inú mi dùn pé mo rí ìwé ọwọ́ yín. Mi ò rí i rí ju ibi ìfọwọ́sí lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí sódì. Mo rò ó títí, mo sì rí i pé Ẹ̀gbọ́n mi Verner kò jẹ̀bi tán. Ẹ̀yin lẹ máa ń pe Màámi látinú ọgbà pé kó wá bá yín wá ṣíbí, tí ṣíbí á sì wà níwájú yín. Ìgbà òtútù ibẹ̀ gùn. Bí ẹ bá ṣubú lóòótọ́, ta ló máa gbọ́? Èmi tí mo wà níbí, lójoojúmọ́ ni mò ń rò ó. Ilé tí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ gbígbóná fún èèyàn kì í ṣe ẹ̀wọ̀n.

Ti páì yẹn, ẹ jẹ́ kó sinmi lọ́dún yìí. Ẹ jẹ́ kí Màmá Sørine tó múlé tì yín yan tirẹ̀ wá, kò sẹ́ni tó máa rẹ́rìn-ín. Àwọn bẹkẹríì náà wà ní Tønder. Kì í ṣe páì ló ń sọ èèyàn di onílé, Bàbá.

Mo fi ìbọ̀sẹ̀ olówùú ránṣẹ́ sí yín lóṣù tó kọjá. Ṣé ó ti dé? Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ má tọ́jú rẹ̀ pamọ́.

Ọmọ yín,
Asta


Alberta
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin, 1958

Bàbá mi,

Ṣé kò sí o? Ó ti pẹ́ tí mo kọ̀wé sí yín, mi ò sì gbọ́ nǹkan kan. Ejnar ní bóyá yìnyín ló dí ọ̀nà ọkọ̀ òfúrufú, àmọ́ lẹ́tà ń dé látilé fún àwọn ará Odense tó múlé tì wá ní tiwọn.

Bí ó bá jẹ́ pé inú ń bí yín, ẹ bá mi wí kó tán níbẹ̀. Ìgbà tí Màámi wà láyé, bí ẹ bá ń bínú, ẹ̀yìn ilé lẹ máa ń lọ lọ la igi. A máa ń gbọ́ ìró àáké, a ó sì mọ̀ pé ẹ ṣì wà láàyè. Mi ò lè gbọ́ ìró àáké níbi tí mo wà yìí.

Ẹ kọ ìlà kan péré.

Asta


Alberta
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin, 1958

Bàbá mi,

Ẹ kò kọ̀wé sí mi, àmọ́ Ẹ̀gbọ́n mi Verner kọ. Lẹ́nu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé bàbá mi.

Ó ní Gudrun wọlé sí yín láìròtẹ́lẹ̀, ó sì bá Màmá Sørine lórí àga Màámi, ó ń jẹ ègé páì tó kẹ́yìn nínú àwo. Ègé tó kẹ́yìn, Bàbá. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Àlejò kì í jẹ ẹ́. Bí onílé bá bẹ̀ wọ́n, wọn á gé e sí méjì, wọn á mú ìdajì. Ẹlòmíràn á tún gé ìyókù sí méjì. Bẹ́ẹ̀ ni wọn á ṣe máa gé e títí ohun tó kù kò fi ní tó eèrà á gbé, síbẹ̀ wọn kò ní tán an. Onílé ló ni ègé tó kẹ́yìn. Màámi ló máa ń jẹ ẹ́, lórí ìdúró, lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá ti lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní gbogbo àdúgbò ti gbọ́, wọ́n ti ń bèèrè oṣù tí ìgbéyàwó bọ́ sí.

Ṣé ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń wá bí Màámi ṣe ń yan páì? Kí ẹ lè kọ́ ọ fún ẹlòmíràn? Sàréè rẹ̀ kò tíì hu koríko. Bí ó bá wù yín láti fẹ́ ìyàwó, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ̀yin ni àgbà. Àmọ́ ẹ má rán ọmọ níṣẹ́ kó wá bá yín fi adùn ọwọ́ ìyá rẹ̀ ṣe ẹ̀bùn.

Mi ò lè kọ ju báyìí lọ.

Asta


Ẹ̀bá Àbàtà
Ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún, 1958

Asta,

Ìbọ̀sẹ̀ dé. Ó dára. Ẹ ṣé o, ìwọ àti ọkọ rẹ.

Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. O kò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà màá ro ẹjọ́ tèmi fún ọ, kí o tó di òṣìkà pátápátá.

Lẹ́tà rẹ àkọ́kọ́ dé bá mi lẹ́yìn ilé. Orí ìjókòó ni mo ti kà á, mo ká a, mo sì lọ la igi. Igi tí mo là nígbà yẹn, mi ò tíì dáná rẹ̀ tán. Mo bèèrè ohun kan péré lọ́wọ́ rẹ, o fún mi ní ìmọ̀ràn. Ìmọ̀ràn, Verner ti fún mi lọ́pọ̀. Mo ní ó dáa, màá dá a ṣe.

Mo ti da korobá dé rúbáàbù lórí láti ìparí oṣù kejì bí ìyá rẹ ṣe máa ń ṣe, nítorí náà ó tètè hù. Nígbà tí oṣù kẹrin dé agbedeméjì, mo fi ọ̀bẹ gé díẹ̀. Mo wá pò fúláwà mọ́ bọ́tà. Ìwọ náà mọ iṣẹ́ wa. Bọ́tà tí a kò bá tẹ̀ dáadáa, omi á kù nínú rẹ̀, á sì bàjẹ́. Mo ká ọwọ́ aṣọ mi, mo tẹ fúláwà yẹn, mo gbá a, mo yí i, mo tún tẹ̀ ẹ́, títí òógùn fi bò mí. Inú mi ń dùn. Mo ní ọkùnrin ni wọn ì bá ti máa gbé iṣẹ́ yìí fún tipẹ́. Mo da rúbáàbù àti ṣúgà lé e lórí, mo tì í sínú ààrò.

Nígbà tó jáde, mo fi ọ̀bẹ kàn án létí, ó dún kó. Etí rẹ̀ le bí awọ bàtà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ bí ẹrẹ̀. Bí mo ṣe dúró tì í nìyẹn tí Sørine wọlé wá dá ṣúgà tó yá padà.

Ó ní, "Laurids, kí nìyí?"

Mo ní, "Páì ni."

Ó ní, "Ó dáa tí o sọ."

Lẹ́yìn náà ó rí ojú mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ èmi àti Verner fún un. Ó ní, "Bí Gudrun bá rí nǹkan yìí, o ti dé Tønder lálẹ́ òní. Mú fọ́ọ̀kì wá." Ó fa àga tó sún mọ́ ọn jù lọ, tí í ṣe ti ìyá rẹ, nítorí ó ń yára. A bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Mo lè búra pé mi ò jẹ ohun tó burú tó bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ mo jẹ oúnjẹ àkókò ogun. Mo jẹ títí àgbọ̀n ń ro mí. Òun tí eyín rẹ̀ ṣì pé ló kó púpọ̀ rẹ̀ lọ. Ègé kan ló kù nígbà tí a gbọ́ kẹ̀kẹ́ Gudrun lẹ́nu ọ̀nà. Sørine kó o sẹ́nu.

Ohun tí Gudrun rí nìyẹn. Gbígbé la fẹ́ gbé òkú páì mì, ó rò pé ìyàwó tuntun lòun bá.

Wàá bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ òtítọ́ fún un. Bí mo bá sọ ọ́, mo ti pàdánù ilé mi nìyẹn. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n máa pè mí ní ọkọ ìyàwó ju kí wọ́n mọ irú páì tí mo yan. Sørine náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ti gbó kọjá ẹni tí òfófó ń pa lára.

Nítorí náà, kò sí ìgbéyàwó. Ọ̀rọ̀ sàréè tí o sọ yẹn dùn mí. Èmi ni mò ń fọwọ́ fa koríko tó bá hù níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi hù.

Mi ò bẹ̀ ọ́ mọ́. Mo kàn ń sọ fún ọ pé Pẹ́ńtíkọ́sì kò jìnnà mọ́, mo sì ní fúláwà nílé.

Laurids


Alberta
Ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún, 1958

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Ẹ dákun, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi sínú. Ejnar ti di gàárì sílẹ̀, ó fẹ́ gun ẹṣin gba inú ẹrẹ̀ lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ kí lẹ́tà yìí lè bá ọkọ̀ òfúrufú ọ̀la lọ, nítorí náà kò sáyè fún ẹkún. Màá sọ ọ́ bí mo ṣe rí i látorí àpótí.

Ẹ má fi ọ̀bẹ gé rúbáàbù mọ́. Ibi tí ọ̀bẹ bá gé á jẹrà wọnú gbòǹgbò. Ẹ di ọ̀pá rẹ̀ mú nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ yí i díẹ̀, ẹ fà á, á yọ fúnra rẹ̀. Ẹ mú èyí tó pupa tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀ kí ìdí rẹ̀ má bàa kú. Ẹ gé ewé rẹ̀ dànù, májèlé ni, ẹ má jẹ́ kí ẹran kankan jẹ ẹ́. Ẹ gé ọ̀pá náà wẹ́wẹ́, kó gùn tó oríkèé ìka. Ẹ bu ṣúgà lù ú, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Bàbá, ibi tí ẹ ti ṣìṣe nìyẹn. Ó máa sun omi. Ẹ da omi yẹn sínú ìgò, ẹ máa mu ún, ẹ má dà á sínú páì.

Ti bọ́tà. Ẹ máa bínú, àmọ́ ohun tí ẹ mọ̀ nípa bọ́tà gan-an ló ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ gbàgbé ilé iṣẹ́ wàrà. Kí bọ́tà tutù, kí ọwọ́ yín náà tutù. Màámi máa ń ki ọwọ́ bọ omi kànga. Orí ìka nìkan ni ẹ fi máa fún un mọ́ fúláwà àti ṣúgà, títí á fi dà bí iyanrìn, ẹ fọ́ ẹyin kan sí i, ẹ kó o jọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ sì jáwọ́ ńbẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ má gbá a. Bí inú yín bá ti ń dùn sí i, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ gbé e sí àjà ilẹ̀ kó sinmi, ẹ̀yin náà ẹ jókòó sinmi.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ẹ sínú páànù, ẹ tẹ́ ìwé lé e lórí, ẹ da ẹ̀wà gbígbẹ sórí ìwé náà kó má bàa wú, kí ẹ kọ́kọ́ yan án lófìfo. Ẹ kó ẹ̀wà náà kúrò. Ẹ lọ èso álímọ́ńdì, ẹ pò ó mọ́ ṣúgà, ẹyin àti bọ́tà díẹ̀, ẹ fi tẹ́ ìsàlẹ̀, ẹ wá to rúbáàbù lé e. Ẹ dá a padà sínú ààrò. Imú yín ló máa sọ fún yín nígbà tó bá jinná. Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, kí ẹ fi ọ̀rá wàrà tí wọ́n pò tì í.

Ohun kan wà tí mi ò mọ̀. Màámi máa ń kọ ẹ̀yìn sí mi nígbà tó bá ń pò álímọ́ńdì, ó sì máa ń mú nǹkan láti inú kọ́bọ́ọ̀dù. Mi ò mọ ohun tó jẹ́. Mo ti rò ó títí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mi ò fi kọ ọ́ sí yín látìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe nítorí ilé arúgbó. Mo jókòó láti kọ ọ́ nínú oṣù kẹta. Nígbà tí mo kọ "Màámi máa ń ki ọwọ́ bọ omi," mi ò lè tẹ̀ síwájú. Ó dà bíi pé bí mo bá kọ ọ́ tán, mo ti gbà pé kò ní ṣe é mọ́ nìyẹn. Ó rọrùn fún mi láti bá yín jà.

Ẹ bá mi kí Màmá Sørine, ẹ bá mi kí eyín rẹ̀.

Asta yín


Ẹ̀bá Àbàtà
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún, 1958

Asta ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ bá mi lásìkò. Mo kà á títí bọ́tà fi yí i lára.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ gun orí òkìtì tó ń dí omi òkun lọ wo òòrùn Pẹ́ńtíkọ́sì, bóyá ó ń jó bí wọ́n ṣe máa ń sọ, inú ọgbà ni mo wà, mò ń yí rúbáàbù tí mo sì ń fà á. Òótọ́ ni, ó ń yọ fúnra rẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ omi títí mi ò fi mọ̀ ọ́n mọ́ bí ti ara mi. Ti pé kí n má tẹ fúláwà, ìyẹn ló ṣòro jù. Ọwọ́ mi ń yún mi. Mo ní láti fi í sílẹ̀ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo yan mẹ́ta. Ọ̀kan jó létí, mo gbé ìyẹn jìnnà sí ibi tí Gudrun jókòó.

Mo ta àsíá, mo se kọfí, mo wọ kóòtù ìsìnkú nítorí òun nìkan ló mọ́. Gbogbo àdúgbò wá. Pásítọ̀ náà wá. Verner wọlé bí ẹni tí wọ́n rán wá yẹ ilé wò, Gudrun wo abẹ́ àwọn ife mi. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ rúbáàbù. Wọ́n ń sọ ti òjò. Mo gé e, mo pín in, wọ́n fi fọ́ọ̀kì kàn án, ó fọ́ wẹ́lẹ́ bó ṣe yẹ kó fọ́. Wọ́n jẹ ẹ́.

Sørine ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. O mọ̀ pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń yí ọ̀rọ̀ po. Ó ní, "Laurids, èyí kì í ṣe ti Kirstine."

Fọ́ọ̀kì dúró lọ́wọ́ gbogbo wọn. Pásítọ̀ wo inú ife rẹ̀. Mo rí Verner tó gbójú sókè wò mí, mo sì mọ̀ pé nínú ìdáhùn tí mo bá fọ̀ ni ilé mi wà. Mo ní, "Rárá, kì í ṣe tirẹ̀. Tèmi ni."

Sørine ní, "Mo mọ̀. Gé òmíràn fún mi."

Verner na àwo tirẹ̀ náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo wọn na tiwọn. Páì tó jó létí yẹn gan-an tán, Gudrun sì jẹ nínú rẹ̀.

Màá sọ ohun kan fún ọ tí mi ò sọ fún Verner. Gbogbo bí mo ṣe ń yan án, mo ní in lọ́kàn pé bí adùn yẹn bá jáde bó ṣe máa ń rí, ìyá rẹ á tún wà nínú yàrá yẹn fún ìṣẹ́jú kan. Mo bù ú sẹ́nu, kò wá. Mo dúró dè é ní ègé kejì, kò wá. Ó dùn mí gan-an, Asta. Mo dìde bíi pé mo fẹ́ lọ mú kọfí, mo dúró nídìí ààrò, mo sunkún díẹ̀. Àmọ́ wọ́n ń ké sí mi látinú ilé. "Laurids, ọ̀rá wàrà dà?" "Laurids, wá jókòó." Orúkọ mi ni wọ́n ń pè. Láti oṣù kẹwàá ni mo ti ń gbé inú ilé yìí bí ẹni tó ń bá onílé ṣọ́ ilé títí á fi dé. Lọ́jọ́ Ajé ni mo mọ̀ pé kò ní dé, àti pé èmi ni onílé.

Nígbà tí wọ́n lọ, Verner dúró, ó ń bá mi nu ife. Ó ní, "Bàbá, àga kò tó lónìí. Orí àpótí ni pásítọ̀ jókòó sí. Ṣé kí n gbé méjì wá láti ilé wa lọ́dún tó ń bọ̀?" Mo ní kó gbé wọn wá. Kò dárúkọ Tønder, èmi náà kò dárúkọ rẹ̀, àmọ́ láàárọ̀ òní ó gun kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀, ó sì lọ yọ orúkọ mi kúrò.

Bàbá rẹ,
Laurids


Alberta
Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà, 1958

Bàbá mi,

Ẹ kú oríire, ẹ sì kú iṣẹ́. Mo ka lẹ́tà yín sókè fún Ejnar, ó rẹ́rìn-ín títí Maren fi jí. Nígbà tí mo dé ibi tí Màmá Sørine ti sọ̀rọ̀, mi ò lè kà á mọ́, òun ló gbà á lọ́wọ́ mi tó parí rẹ̀.

Ẹ̀yin rí i bí wọ́n ṣe sọ Màámi kalẹ̀ sínú sàréè. Ẹ̀yin da yẹ̀pẹ̀ sí i. Èmi kò rí nǹkan kan. Tẹligíráàmù ni mo rí, ọjọ́ kejì mo lọ fún wàrà bí ó ti máa ń rí. Lọ́kàn mi, Màámi ṣì wà nínú ilé ìdáná yẹn, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń mú nǹkan láti inú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo fi í síbẹ̀, mo wá ń gbé ayé mi lọ níbí. Ìdí nìyẹn tí inú fi bí mi tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ pé ẹlòmíràn jókòó sórí àga rẹ̀. Ìgbà tí mo gbọ́ pé ẹ ní, "Tèmi ni," ìgbà yẹn gan-an ni Màámi kú fún mi. Mo sunkún rẹ̀ lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Ejnar gbé ọmọ jáde, ó sì fi mí sílẹ̀ kí n sun ún tán. Ẹ má bínú pé ó pẹ́.

Rúbáàbù tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, yìnyín kò jẹ́ kó tètè yọjú. Mo yan páì kan lánàá. Kò jọ ti Màámi. Mi ò sì rò pé ó jọ tiyín.

Èmi àti ọkọ mi ti sọ̀rọ̀. A óò ta ẹgbọrọ màlúù méjì tí òtútù bá dé, a ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi nígbà tí yìnyín bá kúrò ní etí òkun, kí a lè débẹ̀ kí Pẹ́ńtíkọ́sì ọdún tó ń bọ̀ tó dé. Ẹ sọ fún Ẹ̀gbọ́n mi pé àga méjì yẹn kò ní tó. Ẹ má wá ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù nítorí mi. Ẹ yan án bí ẹ ṣe yan án.

Mo ti mọ̀ pé Màámi kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin ni mò ń bọ̀ wá bá.

Ọmọ yín,
Asta